Iná Wà

Mo gun àkàbà, mo so bátìrì mọ́ wáyà gílóòbù yàrá àwọn aláìsàn, mo sì fi páálí àjà bò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ alábòójútó ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé e mì títí, ó ti há mi lọ́fun.

Mo ti yege ìdánwò iṣẹ́ yìí. Kí n tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, ó ku kí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba rí i pé bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wa yóò dá tan fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà tó ń jí i ti bàjẹ́, tuntun kò sì tíì dé. Èmi tí mo lè jókòó ti ẹ̀rọ kan látàárọ̀ dalẹ́, n kò lè ní sùúrù.

Mo ní bí olùbẹ̀wò bá ti pa iná, kí dírẹ́bà wa fa okùn jẹnẹrétọ̀ àlòkù kan lẹ́yìn ògiri kí ó máa dún, èyí tí a kò so mọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bí ariwo bá ń tan iná, ìyàwó mi ì bá ti tan gbogbo àdúgbò."

"Ṣáà fà á."

Olùbẹ̀wò pa iná; gílóòbù kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́! Tiwa ní ọ́fíìsì kò yá tó báyìí." Inú mi dùn, aláìnítìjú tí mo jẹ́.

Ìwé àṣẹ dé. Màmá Tíṣà, aláìsàn wa kan tí ẹ̀rọ ń bá mí, di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, ọkàn mi ti wá balẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ẹ̀yà tuntun tó dé, iná lọ. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó rí gílóòbù tó ń tàn, ó ní, "Iná wà," ó bá tirẹ̀ lọ. Bátìrì mi kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ màmá, ẹ̀rọ náà sì ti gbó, kò ní agogo ìkìlọ̀ mọ́. Èmi ni mo bá òkú rẹ̀.

Kí dókítà tó dé, mo ti tú bátìrì. Nọ́ọ̀sì sáré wá bá mi: "Sà, ṣebí iná wà?"

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Mo wò ó lójú, mo ní, "Iná wà." Mo sọ fún ọmọ màmá pé ńṣe ni ìyá rẹ̀ sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ má ṣe tan olùbẹ̀wò jẹ. Kì í ṣe òun ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín.

Lánàá, mo dá ìwé àṣẹ padà, mo jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé màmá mi pe yín?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ dìde, sà. Ẹ máa lọ."

Ó sì ti ilẹ̀kùn.