Orí Fífọ́ Tí Ẹ Kà sí Ìyá Ọkọ Mi Lọ́rùn

Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi sọ fún mi nínú ìjọ yìí pé ìyá ọkọ mi ló ń fọ́ mi lórí, irọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá orí, tó sì mọ ìdí tí orí fi ń fọ́. Ẹ pariwo Haleluya! Kò dún tó. Tẹ́lẹ̀, ariwo yìí ì bá ti lé mi jáde. Ẹ tún un pa!

Ẹ mọ̀ mí, tíṣà ìṣirò ni mí. Bí orí fífọ́ yẹn bá dé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni yóò máa lù kì, kì, kì, bí ẹni ń gúnyán nínú ẹ̀. Màá bì, ojú mi ò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Mo kọ ìṣirò sí pátákó lọ́jọ́ kan, n ò rí ìdajì ẹ̀ mọ́.

Mo gbé e wá síbí. Mummy tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà wò mí títí.

"Tíṣà, ta ló ń dáná àárọ̀ nílé yín?"

Mo ní Màmá ni, ìyá ọkọ mi tó kó wá bá wa láti Ìjàgbó lẹ́yìn ikú Bàbá.

"Háà! Má jẹ ẹ́ mọ́ o!"

Ìyá tó ń jí se iṣu, tó ń dín ẹyin sí i kí n tó lọ síléèwé! Mo kọ oúnjẹ wọn. Mo wá ń fi inú òfìfo kọ́ ọmọ títí di aago méjì, orí sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mummy kéde níwájú ìjọ pé àjẹ́ Màmá ló ń jóná, ẹ ṣe Àmín, ó ní kí n fi ààwẹ̀ gbígbẹ kún un, láìmu omi rárá. Mo fi kún un. Oníkẹ́míìsì kan ládùúgbò wa náà ń di táblẹ́ẹ̀tì orí fífọ́ fún mi lójoojúmọ́, kò béèrè ìbéèrè kan rí. Màmá ò bínú. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ kò ju, "Ìyàwó mi, ṣé iyọ̀ ló pọ̀ ni?"

Ní tám tó kọjá, mo ṣubú ní kíláàsì, wọ́n gbé mi lọ sí hòsípítù. Dókítà obìnrin kan ní kí n máa kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí orí fọ́, ohun tí mo jẹ, omi tí mo mu, oorun tí mo sùn, oògùn tí mo lò. Ojú tì mí. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì ọmọ tó bá kọ ìdáhùn láìfi bó ṣe rí i hàn!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Ọjọ́ ààwẹ̀, orí fọ́. Ọjọ́ tí n ò jẹun àárọ̀, orí fọ́. Dókítà ní irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn kan, ebi, òùngbẹ àti àìsùn ló ń ru ú sókè. Táblẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ yẹn gan-an sì ti ń dá orí fífọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó yí oògùn mi padà, ó ní kí n máa jẹun lásìkò, kí n máa mumi, kí n máa sùn dáadáa.

Mo padà sídìí iṣu Màmá. Ẹ̀yin ará, ní gbogbo tám yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni orí fọ́ mi! Mò ń kọrin ní kíláàsì! Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi, ìwé àti dókítà ló fi dá mi lóhùn. Ògo ni fún un, ẹ bá mi yọ̀!

Ṣùgbọ́n n ò tíì jókòó. Mummy, ta ló fi Màmá hàn yín? Ìgbà wo ni, níbo ni? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Àmín sí i ńkọ́, ta ló béèrè ẹ̀rí? Èmi náà jẹ̀bi, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá nílé, bí ò tiẹ̀ jẹ́ bí obìnrin ṣe ń kí ni.

Màmá ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Wọ́n jí se iṣu, kúlà kan ni wọ́n gbé wá fún gbogbo ìjọ. Mummy, ẹ fẹ̀sùn kàn wọ́n lójú gbogbo wa. Lójú gbogbo wa náà, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́ àbí ẹ ò ní jẹ ẹ́?