Ìdajì Tí Ẹ̀gbọ́n Wa Pín fún Àdùkẹ́

Àbúrò mi kan ṣoṣo, Àdùkẹ́, kì í kí mi mọ́. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí mi. Kí ni mo ṣe fún un? Mo gbèjà rẹ̀ ni.

Bàbá wa ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Sabon Gari. Kó tó kú, ó sọ lójú gbogbo wa pé ìdajì ibẹ̀ jẹ́ ti Àdùkẹ́, tí ó jẹ́ opó, kó lè máa dáná oúnjẹ tà níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin mú ìdajì kejì. Èmi ní tèmi ní Airport Road, n kò bèèrè nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wa yìí, ẹni tí ń gbàdúrà títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, pe ẹbí jọ lọ́jọ́ ìpín. Ó na okùn sí gígùn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé. Ó na òmíràn sí ìbú, ó tún ṣẹ́ ẹ po. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì yí igun kan ká. Ó ní, "Ojú yín ló ṣe. Mo gé àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní gígùn, mo gé àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbú. Ìdajì rẹ nìyẹn, Àdùkẹ́. Shi ke nan, ó parí." Gbogbo wọn ní àmín.

Mo ti dàgbà kí n tó wọ iléèwé alẹ́, ṣùgbọ́n èyí kò gba ìwé. Mo tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan. "Ìdajì rèé." Mo tún ṣẹ́ ẹ po láti ìbú. "Èyí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Mẹ́rin irú rẹ̀ ni yóò di odidi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ gé. Ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ fún un."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Títí, ṣé iléèwé alẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí o máa ṣẹ́ aṣọ po lójú àgbà?"

Ẹ̀rín bolẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí wọ́, wọ́n sì mu míníràlì lé e. Irú àgbà wo nìyẹn? Wọ́n rí ìborùn mi kedere. Ẹni tó bá rí òtítọ́ tó sì fi ẹ̀rín bò ó, n kò mọ ohun tó fi sàn ju olè lọ.

Àfi bí Àdùkẹ́ ṣe kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá a lóhùn, wàhálà rẹ̀ pọ̀." Ìborùn tí mo ṣẹ́ po nílẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa ni yóò fa ọmọbìnrin Àdùkẹ́, tí kò ní bàbá mọ́, lé ọkọ lọ́wọ́, nítorí náà ó gba ìdámẹ́rin, ó pè é ní ìdajì.

Lónìí, bẹ́ǹṣì kan péré ló gba inú ibẹ̀. Inú oòrùn ni àwọn oníbàárà ń dúró jẹun. Ẹ̀gbọ́n wa sì ń na ẹsẹ̀ nínú ìdá mẹ́ta tó kù.

Àwọn ẹbí ní kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wa, kí Àdùkẹ́ lè máa kí mi. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín, nítorí àbúrò mi ń wù mí í rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ mú aṣọ tí ẹ fi ń sùn, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn àti ní ìbú, kí ẹ fi bora. Bí ìdajì ara yín bá bò, n ó lọ kúnlẹ̀.