Àbúrò Tí Mo Sẹ́ ní Wọ́ọ̀dù

Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti wú débi pé n kò lè wọ bàtà mọ́. Kí wọ́n tó gbé mi sínú pósí, kí wọ́n sì máa pè mí ní ìyá rere nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́nnẹ́, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi. Èmi Olúkẹ́mi, nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ, mo sọ àbúrò mi tí ara rẹ̀ ti yá di wèrè padà. Kì í ṣe èèṣì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Láídé ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko, èmi náà ni mo sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá kú. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú, tí ọkọ sì kó ẹrù jáde, kò sùn mọ́. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Adéwọlé, àbúrò mi ọkùnrin tí wọ́n bí tẹ̀lé mi, pè mí lórí fóònù pé kí ni ká ṣe. Mo ní kó gbé e wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Símáwà, kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọmọ ìyá mi ni." Orúkọ ọkọ ni èmi ń jẹ́, orúkọ ọkọ ni òun náà ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè.

Ẹ ó bi mí pé kí ló fà á. Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Kíkí, ọmọ mi. Ìdílé Mẹ́tọ́díìsì kan ní Ìpẹ̀rú ni, ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa: kí wọ́n tó gbé ẹrù ìdána wá, wọ́n á ti rán ẹnì kan kiri láti bèèrè bóyá wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà nínú ẹbí. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Èmi yìí kan náà ni mò ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá pé àìsàn ọpọlọ kò yàtọ̀ sí ibà, pé kí ẹbí má fi aláìsàn pamọ́. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo bá jókòó tán, ojú á tì mí díẹ̀, n ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bá gbé fún mi. Kíkí pàápàá, irọ́ ni mo pa fún un pé àǹtí rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Àbújá.

Oògùn ṣiṣẹ́ fún Láídé. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń kọ́ àwọn obìnrin yòókù bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé nọ́ọ̀sì ni kó máa pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìyẹn bá máa fi yín lọ́kàn balẹ̀, kò burú." Dókítà Fàsásì ti ní kó máa múra ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ ìyá láti Ìpẹ̀rú kó búrẹ́dì àti ọṣẹ wá fún àwọn aláìsàn. Ìyá Adésọjí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Kíkí, wà láàárín wọn. Ó rí mi, ó dì mọ́ mi, ó ń pè mí ní ìyá ìyàwó wa. Láídé gbọ́ ọ níbi tó ti ń ká aṣọ. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó gbàgbé ìkìlọ̀ mi, ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Èmi ni àbúrò ìyá Kíkí. Èmi ni mo kọ́ Kíkí ní ábídí."

Ìyá Adésọjí wojú mi. Ó ní, "Ṣé àbúrò yín nìyí lóòótọ́?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìgbéyàwó ìbá bàjẹ́, bóyá kì bá bàjẹ́. N kò dúró wò ó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Bí àìsàn tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ti tọ́jú rẹ̀, á sọ ọ́ di ẹbí." Láídé kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé n kò ṣàwàdà, ó fi oríkì tí bàbá wa fún mi pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni." Ó di aṣọ funfun mi mú. Mo ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin méjì. Mo ní, "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ dì í mú." Ọwọ́ ara mi ni mo fi gún un lábẹ́rẹ́. Bí oorun ṣe ń gbé e lọ, ó ń bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Ìyá Adésọjí fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Iṣẹ́ yín le o. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Mo ṣe àmín.

Nígbà tí dókítà dé, mo sọ fún un pé àìsàn ti padà. Ó gbà mí gbọ́; ta ni kò ní gba àgbà nọ́ọ̀sì gbọ́? Láti ìgbà náà, bí Láídé bá ti ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí, wọ́n á fi kún oògùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè di ṣíbí mú mọ́. Adéwọlé wá wò ó, ó sunkún, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sílé." Mo ní kó jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá. Ó nu ojú rẹ̀, ó padà sílé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà gan-an ni mo fọwọ́ wọ́ ọ.

Ìgbéyàwó kọjá. Dókítà bi Láídé lójú gbogbo wa pé, "Ta ni nọ́ọ̀sì yìí jẹ́ sí ọ?" Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, sà. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin." Inú dókítà dùn, ó ní ara rẹ̀ ti ń yá, kó máa lọ sílé. Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìbídó ló ń gbé báyìí, ní Ṣàgámù, ó ń bá àwọn olóbì ṣa obì. Nígbà tí mo mọ̀ pé ikú mi ti sún mọ́lé, mo ní kí Adéwọlé fi ọkọ̀ gbé mi lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. "Ẹ ṣé tí ẹ wá wò mí, nọ́ọ̀sì. Mò ń lo oògùn mi." Mo ní, "Láídé, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Orí rẹ pé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo purọ́." Ẹ̀rù bà á. Ó sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ má dán mi wò. Àìsàn ló ń mú mi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ bá mi sọ fún dókítà pé mi ò sọ ọ́ mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí aláìsàn bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òótọ́ ló ń sọ kí ẹ tó fa abẹ́rẹ́ yọ. Ní tèmi, ẹni tó lè forí jì mí kò gbà pé mo ṣẹ òun, nítorí náà n kò mọ ẹni tí n ó bẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìbídó ni mo bẹ̀. Bí mo bá kú, ẹ mú un wá sí ìsìnkú mi, kí ẹ fi í jókòó láàárín ẹbí. Bó bá ní nọ́ọ̀sì òun ló kú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn sọ fún un pé Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì náà nílé.