Fáníìṣì Tí Mo Fi Kun Ẹ̀yìn Ẹnìkejì

Ọ̀rọ̀ kan há sí mi lọ́fun. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè. Èmi Gbénró, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ni mo pa ahun odò Fọlákẹ́ ọmọ mi. Ẹlòmíràn ni mo jẹ́ kó jìyà rẹ̀.

Job, ọkọ Fọlákẹ́, ló ra ahun náà fún un kó tó kú. Ẹnìkejì ni Fọlákẹ́ ń pe ahun náà. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé Fọlákẹ́ kúrò ní Aláúsá lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún oṣù márùn-ún, ó gbé ahun wá sọ́dọ̀ mi ní Agége, pẹ̀lú ọpọ́n ńlá kan àti òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ máa gbé e sí oòrùn láràárọ̀, kó gun òkúta yìí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Ẹ fún un ní ẹja wẹ́wẹ́ àti ẹ̀fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan ni Job fi sílẹ̀ fún mi." Mo ní mo gbọ́.

Mo gbọ́, n kò ṣe é. Ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn ilé wa ga, orúnkún ń dùn mí. Àwáwí ni. Mo ń bu omi tuntun lé omi ìdọ̀tí lórí. Ọpọ́n wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Búrẹ́dì nìkan ni mo ń fún un jẹ, torí ilé búrẹ́dì wà lẹ́yìn ilé wa. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mi ti bàjẹ́, mo fi òkúta ahun náà ti ilẹ̀kùn.

Munirat, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Nusrat, ni yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Búrẹ́dì ló ń tà. Láràárọ̀ ló máa ń kan ilẹ̀kùn, á fún mi ní gbígbóná, á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Ahun, ẹ káàárọ̀ o." Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi pàápàá, mò ń ṣahun rẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ rí i. "Bàbá, ahun yín ń rùn o. Ẹ wo funfun ẹ̀yìn rẹ̀ yìí. Ó ti rọ̀! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

Mo ní, "Ahun inú omi, ṣé lọ́fínńdà ni kó máa rùn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ sí oòrùn. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ láwọn ọjọ́ mìíràn. Òun nìkan ló tọ́jú rẹ̀.

Fọlákẹ́ ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀rù bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kun àga ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Mo mọ bí a ṣe ń bo igi tó jẹrà. Mo wí fún ara mi pé igbá ahun la ń pe ẹ̀yìn rẹ̀. Igbá kì í mọ ìrora. Mo mú sánpépà, mo ń ha ojú funfun náà. Ahun fa orí wọlé. Mo ń ha á lọ. Omi pupa yọ. Mo nù ún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò rí i. Mo rí i. Mo kun ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì.

Fọlákẹ́ dé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ó mà ń dán o! Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ó gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ahun kò jẹun mọ́. Èmi àti Fọlákẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Opebi. Ọmọbìnrin ni. Ó fi èékánná ha ẹ̀yìn ahun.

"Ta ló kun èyí? Bàbá, igbá kọ́ lèyí o. Egungun rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ nínú rẹ̀, ó ń mọ ìrora. Egbò yìí ti jẹrà wọnú, fáníìṣì sì dé e mọ́bẹ̀."

Fọlákẹ́ yíjú sí mi. Mo ní Ìyá Nusrat ló máa ń gbé e jáde. Mo ní ó tọrọ fáníìṣì lọ́wọ́ mi, pé òun fẹ́ fi kun àpótí búrẹ́dì. Irọ́ ni. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.

Ahun kú lọ́jọ́ kejì. Fọlákẹ́ wá ké lé obìnrin náà lórí lójú gbogbo ilé: "Ìyá Nusrat, kí ni mo ṣe fún yín?" Obìnrin náà kò bá a jà. Èmi ló ń wò, ó ní:

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀."

Mo ṣahun.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o."

Mo wọlé. Mo fi òkúta ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Fáníìṣì ni wọ́n wá ń pè é. Kí oṣù tó parí, ó kó lọ sí Ìyànà Ìpájà. Láti ìgbà náà, òórùn búrẹ́dì nìkan ló ń bẹ̀ mí wò láàárọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sin ahun odò, ẹ fún un ní omi mímọ́, oòrùn, àti ibi gbígbẹ tó lè gùn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rọ̀ tàbí tó ń rùn, ẹ má kun ún. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí kò lè ké ń jẹ̀rora.

Fọlákẹ́, mo purọ́ fún ọ. Ìyá Nusrat, mo ba orúkọ rẹ jẹ́. Mo ti ní kí wọ́n ka ìwé yìí sókè lójú gbogbo ilé, níbi tí wọ́n ti bú ọ. Ẹ dárí jì mí. Ìyá Nusrat, bí o bá tún gba ibí kọjá, kan ilẹ̀kùn. Òkúta náà kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.