Ojú Ilésanmí tí Mo Fi Ọ̀dà Funfun Bò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu, ẹ gbé ẹ̀rín náà jẹ́ẹ́ lónìí. Èmi Ládélé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo Ìdó-Ilé mọ̀ sí aláwàdà eré ìkórè, fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dà rú lẹ́nu mi, ẹ ṣe sùúrù; inú mi ló ti dà rú kó tó dé ẹnu. Ẹni tó bá sì ní kí n sọ ìdí tí mo fi ṣe é, ìdánwò tí n kò kàwé fún ló gbé síwájú mi yẹn.

Ògoolúwa, ọmọ Ìlọ́gbò, ló ń ya àwòrán sára ògiri káàkiri agbègbè wa. Ó ya àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ lé èjìká sí gáréèjì Àrámọ̀kọ, ó ya ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì sára ògiri kan ní Ẹ̀fọ̀n. Tó bá ya ọ̀kan tán, á gbẹ́ irú rẹ̀ sára pátákó, á fi íńkì pa á, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé líle, mẹ́wàá péré. Á wá fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan: èkíní nínú mẹ́wàá, èkejì nínú mẹ́wàá. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni mò ń rà. Olúbùnmi ìyàwó mi ní, “Tíṣà, ṣé èèyàn ń ra ògiri ni?” Mo ní ògiri kọ́, ìwé ni. Ó ní, “Ìwé tí wọ́n ya ògiri sí. Ògiri mẹ́rin ló wà nínú yàrá yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò wo ọ̀kan rí.”

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ògoolúwa ya Ilésanmí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Ilésanmí bí nìyẹn, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní ilé ìwé, tí odò gbé lọ ní 1998 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Fọ́tò kan ló fi sílẹ̀ láyé, kékeré bíi èékánná, èyí tó yà fún fọ́ọ̀mù ìdánwò. Inú fọ́tò yẹn ni Ògoolúwa ti yọ ojú ọmọ náà, tó yà á sára ilé ìyá rẹ̀, ní apá tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ òrùlé. Nígbà tí ìyá náà rí i, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ wò ó! Ó ti dàgbà!” Àràárọ̀ ló ń kí i kó tó gbálẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, fọ́tò bá omi lọ. Ó bá mi lójú ọ̀nà, ó ní, “Tíṣà, kò burú, ojú ẹ̀ ṣì wà lára ulé mi.” Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Márùn-ún nínú Ilésanmí mẹ́wàá náà ni mo rà. Mo tún ní kí Ògoolúwa la pátákó rẹ̀ sí méjì lójú mi, kó má bàa tẹ òmíràn. Ó ní, “Sà, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sinmi ná.” Mo ní kó là á. Ó là á. Àlejò kan láti Èkó wá rí àwọn ìwé náà nílé mi, ó ní, “Dádì, ọjọ́ tí ògiri yẹn bá lọ, irú tiyín yìí nìkan ló kù láyé.” Ẹ̀pà ló ń jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó jẹ ẹ̀pà tán, ó lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ.

Ìkórè ń bọ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa: kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé, gbogbo ilé tó bá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ funfun. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe. Mo lọ bá Ìyá Ilésanmí lọ́sàn-án gangan, mo ṣí fìlà, mo ní, “Màámi, Bíṣọ́ọ̀bù ní òun ò fẹ́ ère lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọlọ́run.” Irọ́! Ọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ìyá yíjú sí ògiri náà. Ó ní, “Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ mi ni?” Mo ní ó mọ̀. Ó ní, “Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wí náà ni. Ẹ jẹ́ n kí i ná.” Ó fọwọ́ pa ògiri lára, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ní Sátidé ìmọ́tótó, lójú gbogbo ayé, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì. Láti ọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ojú rẹ̀, mo di ojú tèmi. Kí ni mo ń dijú fún? Títí di òní, n kò mọ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Bíṣọ́ọ̀bù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò tíì kí wa tán tó fi ní, “Àwòrán ọmọ yẹn dà? Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé a ó ya fọ́tò níbẹ̀.” Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin ará, eré ogójì ọdún ló yọ mí: èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́kún! Mo ní Ògoolúwa ló tàn mí, pé òun ló mú iṣẹ́ wá pé Bíṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ ère, kó lè rí ògiri òfo ya nǹkan mìíràn. Wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìyá Ilésanmí kò sí níbẹ̀. Ó ní òun ò lè wo ojú Bíṣọ́ọ̀bù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ìyá ìjọ ti lé Ògoolúwa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Àrámọ̀kọ pẹ̀lú èpè. Ó wá bá mi, ó ní, “Sà, kí ni mo ṣe fún yín? Mo kàn ta ìwé fún yín ni.” Ó kúrò nílùú, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ilésanmí wá sílé mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, “Tíṣà, wọ́n ní ẹ máa ń ra ìwé ọmọ ayàwòrán yẹn. Ṣé Ilésanmí wà níbẹ̀?” Àpótí tí mo kó wọn sí wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tó jókòó lé. Mo ní, “Màámi, kò sí.” Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níwèé. Ẹ mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe é kí n rí.” Mo ṣe é! Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sókè, mo fún ojú pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. “Òun nìyẹn! Òun nìyẹn gan-an!” Láti ìgbà náà, oṣooṣù ló ń gbé uṣu wá fún mi. Mo ń fi gúnyán. Ó sì ń dùn lẹ́nu mi. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe burú tó: ó ń dùn.

Lóṣù tó kọjá, ó gbé mẹ́fà wá, ó ní èyí ló gbẹ̀yìn, oko ti kọjá agbára òun. Mo pinnu pé n ó fún un ní ọ̀kan nínú ìwé náà. Mo ní, “Màámi, ẹ dijú.” Mo fa àpótí jáde, mo ṣí i. Ikán! Ikán ti jẹ márààrún. Ìyẹ̀fun ni, àfi igun kọ̀ọ̀kan tí nọ́ńbà wà. Ìyá ṣì dijú bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ṣé kí n lajú?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá kó uṣu rẹ̀ padà sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde. Láti ogójì ọdún, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “N kò tíì mọ̀ bóyá mo dárí jì ọ́. Lọ wá ọmọ mi wá ná.”

Ògoolúwa, mo purọ́ mọ́ ọ. Lójú ìjọ ni n ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kó ohun tí ẹ kò ní í wò pamọ́ fún ẹni tó ń wá a. Ìwé márùn-ún yòókù sì wà lọ́wọ́ àwọn tí n kò mọ̀, bóyá l’Ádó, bóyá l’Ékòó. Ọmọkùnrin ọlọ́rùn gígùn ni, ẹ̀rín rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Ẹ wo ara ògiri yín. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá náà ṣì ríran, n kò sì mọ ìgbà tí kò ní í ríran mọ́. Ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló funfun jù níbẹ̀. Òun ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ má gbé e fún mi, bí mo tilẹ̀ sunkún bẹ̀ yín.