Adé tó Wà Lábẹ́ Ìràwọ̀

Ẹ gbé òdòdó yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ará ìlú mi. Ẹ fẹ́ fi orúkọ èmi Radim sọ gbọ̀ngàn yìí nítorí kìnnìún ara ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní n ó ti kú kí yìnyín ọdún yìí tó bọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ti ju ogún lọ.

Otmar ọ̀rẹ́ mi ló kun kìnnìún yẹn, àmì orílẹ̀-èdè wa, pẹ̀lú ìrù rẹ̀ méjèèjì àti adé àwọn baba wa. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà ya wọ ilẹ̀ wa, àwọn aláṣẹ ní kó fi ìràwọ̀ pupa bo adé náà. Otmar po ọ̀dà mọ́ omi lásán, ó ń rẹ́rìn-ín. "Radim, kò sí gọ́ọ̀mù tí yóò mú un lẹ̀ nínú ẹ̀ o! Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ẹ fi àkísà tútù nù ún, adé á yọ." Èmi àti Drahuše ìyàwó rẹ̀ nìkan la mọ̀.

Ojúkòkòrò mi! Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ṣèlérí pé n ó pàtẹ àwòrán mi ní Prague, olú-ìlú wa, mo bá tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n gba iṣẹ́ ọ̀dà lọ́wọ́ Otmar, ó di ẹni tí ń da èédú sínú iná tó ń mú ilé ìwòsàn gbóná. Èmi ni wọ́n ní kí n fi ojúlówó ọ̀dà tún ìràwọ̀ náà kùn, mo sì kùn ún nípọn.

Láti ìgbà náà ni Otmar ti ń fura sí gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá jókòó tì wá nílé ọtí, á gbé bíà rẹ̀, á sún kúrò. Èmi nìkan ló fọkàn tán. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ta ló tú àṣírí mi, Radim? Mẹ́ta péré la mọ̀ ọ́n." Ìbá ṣe pé mo dákẹ́! Mo wo inú ife mi. Mo ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Àmọ́ ṣé o mọ ibi tí àbúrò Drahuše ń ṣiṣẹ́?" Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ni. Kò mu bíà rẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó búra, ṣùgbọ́n ohun tí Otmar ń sọ kò ju pé, "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé." Ìdí iná èédú náà ló kú sí.

Nígbà tí ìjọba yẹn wó, ẹ ha ìràwọ̀ kúrò, adé yọ láìbàjẹ́ lábẹ́ ọ̀dà mi, ẹ pariwo pé, "Bàbá Radim ló bá wa fi adé wa pamọ́!" Mo tẹríba, mo gbà á. Olè ni mí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà, ìjọba tó ní kẹ́ ẹ dalẹ̀ ọ̀rẹ́ yín á lọ. Ọ̀rẹ́ yín kò ní padà wá. Ẹ kọ orúkọ Otmar síbẹ̀.

Ìyàwó wa, Drahuše, mo rí ọ níwájú yẹn. Gbogbo Kérésìmesì lo ń gbé kéèkì wá fún mi, torí o ní èmi lọ̀rẹ́ tó kù fún ọkọ rẹ. Títí dòní, o kì í kí àbúrò rẹ, torí o rò pé òun ló tú àṣírí ọkọ rẹ. Lọ kí i. Kì í ṣe òun. Èmi ni.