Bébà Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Fìlà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú yàrá àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ni mo ti ń kọ ọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí mo pa ènìyàn. Oṣù méje ni mo fi ń retí kí Gómìnà n'Íbàdàn sọ bóyá kí n kú tàbí kí n yè. Lánàá ni ìdáhùn dé. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló wí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ọ̀gá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá tàípù ojú ìwé kẹta ṣáájú èkíní, wàhálà ló ń tàípù. Ohun tí mo lè sọ báyìí ni pé inú mi ń dùn, àní wọ́dà ti ní kí n yéé kọrin, pé mo ń dí àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́ oorun ọ̀sán.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, ọmọ Mùsùlùmí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, tí mo ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀ káàkiri, mo rí iṣẹ́ akọ̀wé sí sẹ́mínárì kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ṣé wọn ò ní sọ ẹ́ di Jóòbù mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí?"

"Ìyá mi, bébà ni mo bá lọ, n ò bá ìrìbọmi lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúà fún mi, ó ní ìrun wákàtí márùn-ún ò gbọdọ̀ yẹ̀.

Bàbá Ṣọlá ni olórí akọ̀wé níbẹ̀. Aládùúrà ni, ó máa ń wọ aṣọ funfun wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sí yíǹkì tó máa ń kán sí i lára. Òun ló kọ́ mi ní tàípù. Á da aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé kan bo ọwọ́ mi lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ìka ló ń kọ̀wé, ojú kọ́." Èmi àti Ṣọlá, ọmọbìnrin rẹ̀, la jọ kọ́ ọ. Bí mo bá yọjú wo abẹ́ aṣọ náà, Ṣọlá á pariwo pé, "Bàbá, ó tún ti ń wo ọwọ́ ẹ̀ o!" Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, kò pè mí lórúkọ rí. "Àlùfáà" ló máa ń pè mí. Bí ọjọ́ bá yẹ̀rì, á kan tábìlì mi kó, á ní, "Alásàrì ti tó, Àlùfáà. Dìde. Bébà ò ní sá lọ."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò lè purọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ fún: ẹ̀ka Bíbélì, ẹ̀ka Ìtàn Ìjọ, ẹ̀ka Ìwàásù. Àwa là ń tàípù ìwé àwọn olùkọ́, àwa là ń sọ ẹni tó ni kíláàsì àti ìgbà tó ni ín. Ìkọ̀wé olùkọ́ Ìtàn Ìjọ dà bí ibi tí adìyẹ ti walẹ̀, àwa méjì nìkan la lè kà á. Òun fúnra rẹ̀ a máa wá bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo kọ síbí?" Ẹ̀rọ tí Bàbá Ṣọlá ń lò, lẹ́tà "a" rẹ̀ máa ń fò sókè ju àwọn yòókù lọ. Mo ní ká pe ẹni tó máa tún un ṣe. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀. Ayọ̀ ló ń yọ̀."

Tí ìdánwò bá kù díẹ̀, a ó tàípù ìbéèrè sórí bébà tí à ń pè ní sítẹ́ńsì, a ó gbé e sórí ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ yí, ẹ̀rọ á máa tẹ ẹ̀dà jáde. Ṣùgbọ́n sítẹ́ńsì ní bébà funfun kan lẹ́yìn, gbogbo ohun tí a bá sì tẹ̀ ló máa ń hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá tẹ̀wé tán, èmi àti Bàbá á kó méjèèjì sínú garawa lẹ́yìn ọ́fíìsì, a ó ṣáná sí i, a ó dúró wò ó títí yóò fi di eérú. Bàbá á ní, "Iná, jẹun." Èmi á dáhùn pé, "Ó ti yó." Lẹ́yìn náà ni a ó lọ jẹ ẹ̀bà tiwa náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà, ọmọ Abigi lẹ́bàá omi, fìrìgbọ̀n ènìyàn, aláwàdà. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú Ìtàn Ìjọ. Kò fún mi ní kọ́bọ̀. Orúkọ ló fún mi. Lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Pùròfẹ́sọ̀! Ẹ gbà mí o, kí wọ́n má dá mi padà sídìí àwọ̀n." Èmi, oníwèé mẹ́fà! Orí mi wú. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ jó sítẹ́ńsì, atẹ́gùn ń pa ìṣáná, Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti fi ara bò ó. Mo yọ bébà ẹ̀yìn, mo fi sábẹ́ fìlà mi, mo sọ òfìfo bébà sínú garawa.

"Iná, jẹun."

"Ó ti yó."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn. Mo gbé bébà náà fún ọmọ Abigi, ó yege, wọ́n ń kí mi ní "Pùròfẹ́sọ̀" láti ẹnu géètì dé ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá dé, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́fà ni mo tàípù, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní kí a yọ ìkẹfà. Bàbá fi ọ̀dà pupa pa á lára sítẹ́ńsì, márùn-ún péré ló jáde. Mi ò rántí pé ìkẹfà ṣì wà lára bébà tó wà lábẹ́ fìlà mi. Ọmọ Abigi wọ gbọ̀ngán, ó dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi í?" Bàbá Ṣọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá ọmọkùnrin náà, ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè mí.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá."

Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. "Lọ́la, àwa méjèèjì la jọ ń lọ bá pírínsípà. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Èmi á dúró tì ẹ́."

"Wọ́n á lé mi, Bàbá."

"Wọ́n lè lé ẹ. Ọwọ́ ẹ ti mọ iṣẹ́, ebi ò ní pa ẹ́."

"Ẹ fún mi kí n jó o."

"Àlùfáà, ìgbà iná ti kọjá."

Mo fẹ́ já a gbà, kò jẹ́. Pùròfẹ́sọ̀ ni mò ń rò, bí wọn yóò ṣe máa fi mí rẹ́rìn-ín ní Àgọ́-Ìwòyè. Irin tí a fi ń yí ẹ̀rọ wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo sì là á mọ́ ọn lórí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò dìde mọ́. Ha! Ẹni tó ń rán mi létí ìrun ni mo pa.

Mo mú bébà náà, mo fi sábẹ́ fìlà, mo sá gba inú oko kòkó lọ sí Màmú. Níbẹ̀, Alásàrì tó, kò sí ẹni tó sọ pé kí n dìde. Mo sunkún títí. Mo dìde fúnra mi, mo padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bọ́ fìlà mi níwájú ọlọ́pàá, mo sì gbé bébà náà fún un.

Láti inú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí Ìyá Ṣọlá. N ò bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀mí mi, ìdáríjì ni mò ń wá. Kò dáhùn. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà nítorí mi, mo rò pé ìyá mi ni.

Lánàá, ọ̀gá wọ́dà ní kí n jókòó. Ó ka ìdáhùn náà: Gómìnà ti fa okùn náà sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Fi mí sílẹ̀ jàre," ló wí, "èmi kọ́ ni Gómìnà." Ó wá fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ náà hàn mí. N ò tíì ka gbólóhùn kan tí mo fi rí i: gbogbo "a" tó wà níbẹ̀ ló ń fò sókè. Ẹ̀rọ ọ̀gá mi ni! Nísàlẹ̀, àtàǹpàkò Ìyá Ṣọlá wà níbẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì. Mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

Ṣọlá wá ní òwúrọ̀ yìí. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ báyìí.

"Màmá ní òun ò tíì lè rí ojú ẹ."

"Mo gbọ́."

"Ó ní ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi kọ́ ẹ níṣẹ́. Bí wọ́n bá so ẹ́ kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n tún pa. Ó ní kó o kọ́ àwọn tó wà níbí." Ó wo ọwọ́ mi. "Ṣé o ṣì ń wo ọwọ́ ẹ?"

"N ò wò ó mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì na nǹkan kan sí mi láàárín irin: aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé. Ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní.

Ẹ rí ìdí tí mo fi ń kọrin. Lọ́la ni wọ́n ń kó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù. Ọ̀gá wọ́dà ní tàípù ògbólógbòó kan wà ní ọ́fíìsì òun, kí n máa fi kọ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin akọ̀wé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n fi ń pọ́n yín wú yín lórí. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ jó, ẹ jó o. Bí ẹ bá ti fi í pamọ́, ẹ tètè bọ́ fìlà, kí ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó fẹ́ dúró tì yín ṣì wà láàyè. Iná, jẹun. Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn.